Ìsinmi ìbímọ àti owó oṣù ní ilẹ̀ Benin: ìtọ́sọ́nà fún ìyá tó bímọ àti fún ẹni tó sọ ọmọ ọlọ́mọ di tirẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ ń béèrè léraléra: “Mo ti lóyún, ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo ní láti fi sinmi, ta ni yóò sì san owó mi?” Èkejì rẹ̀ sì ti ń pọ̀ sí i, láti ẹnu àwọn tó sọ ọmọ dọmọ níwájú adájọ́: “Ṣé èmi náà ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi yẹn?” Ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ hàn kedere nínú òfin, ó sì dára ju bí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣe máa ń sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ wọn lọ. Ìdáhùn sí èkejì le díẹ̀, a sì fi apá kan sílẹ̀ fún un nísàlẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan kí ẹ tó máa bá ìwé yìí lọ. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń kà ní èdè Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ìsinmi ìbímọ jẹ́ ti Nàìjíríà, níbi tí òfin iṣẹ́ wọn ti fún ìyá ní ọ̀sẹ̀ 12 pẹ̀lú ìdajì owó oṣù, ó kéré tán. Òfin tiwa yàtọ̀ sí i. Bí ibi iṣẹ́ yín bá wà ní Àjàṣẹ́, òfin Benin ló mú yín, kódà bí ẹ bá ń ti Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí ó bá sì jẹ́ òdìkejì ẹnubodè ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ìtọ́sọ́nà yìí kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ó kan gbogbo obìnrin tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ aládàáni, ì báà jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Kétu, ẹni tó ń ta oògùn ní Àjàṣẹ́, tàbí akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan ní Ṣábẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọ̀sẹ̀ 14 kan náà, ṣùgbọ́n ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń san owó wọn, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún sì ni ìwé wọn ń gbà kọjá. Nítorí náà, kí wọ́n fi ohun tí a sọ nípa CNSS, àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni, sílẹ̀, kí wọ́n mú ìyókù lò.

Ìyá tó ń tajà fúnra rẹ̀ lọ́jà kò sí lábẹ́ òfin yìí, nítorí pé kò ní agbanisíṣẹ́. Kí òun lọ béèrè nípa ètò ìrànlọ́wọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní ARCH àti nípa ètò tí CNSS ṣe fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò. Ọ̀nà míràn nìyẹn, ó sì yẹ kí a kọ ìwé ọ̀tọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tí òfin fún yín

Òfin tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ní Benin, Code du travail, ni Òfin nọ́ńbà 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù Kíní ọdún 1998. Abala 170 sí 172 ni ẹ máa tọ́ka sí nígbà tí ẹ bá ń bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ nìyí:

- Ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14: ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ọjọ́ tí a ń retí ìkúnlẹ̀, àti ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn ìkúnlẹ̀.
- Àfikún ọ̀sẹ̀ 4, bí àìsàn tó ti inú oyún tàbí ìbímọ wá kò bá jẹ́ kí ẹ lè padà síṣẹ́, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i.
- Owó oṣù yín ní odindi. Àpò CNSS ni ìdajì rẹ̀ ti ń wá, ìdajì kejì sì wà lọ́rùn agbanisíṣẹ́.
- Ààbò lórí iṣẹ́ yín: agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fòpin sí àdéhùn yín nígbà tí ẹ bá wà nínú ìsinmi náà.
- Wákàtí 1 lójúmọ́ láti fi fún ọmọ lọ́mú lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà síṣẹ́, títí ọmọ á fi pé oṣù 15.

Nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe oore tí ọ̀gá ń ṣe fún yín. A ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń wọ ọ́fíìsì ọ̀gá bí ẹni tó wá tọrọ àánú, tí wọ́n á sì jáde pẹ̀lú oṣù kan péré, inú wọn á tún máa dùn.

Ìgbésẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ bí orúkọ yín ṣe wà ní CNSS.

Ẹ ṣe èyí ní kété tí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ lóyún, kí ẹ má ṣe dúró di oṣù keje. Caisse Nationale de Sécurité Sociale, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CNSS, ń béèrè pé kí ẹ ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 6 tó tẹ̀ léra kí ó tó san ìpín tirẹ̀, ó sì ń wo bóyá agbanisíṣẹ́ ń san owó tó yẹ lórí yín.

Ẹ mú ìwé owó oṣù yín, fiche de paie, kí ẹ wò ó dáadáa. Ó yẹ kí ẹ rí nọ́ńbà CNSS yín níbẹ̀ àti ìlà kan tó fi hàn pé wọ́n yọ ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó yín. Bí owó oṣù yín bá jẹ́ 90.000 fáráńkì, 3.240 fáráńkì ni iye náà. Ti ìfẹ̀yìntì ni owó yìí. Ti ìsinmi ìbímọ wà nínú ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún tí agbanisíṣẹ́ nìkan ń san fún ètò ìdílé, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yọ kúrò nínú owó yín.

Ibí ni ewu wà: pé wọ́n yọ owó náà lórí ìwé kò túmọ̀ sí pé ó dé CNSS. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì CNSS fúnra yín pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà yín, kí ẹ sì béèrè bóyá ìsanwó orí yín ti dé oṣù tí a wà. Ọ́fíìsì tó wà ní Àjàṣẹ́ ló ń rí sí ẹkùn Ouémé àti Plateau, nítorí náà ibẹ̀ ni àwọn ará Kétu náà ń lọ. Kí àwọn ará Ṣábẹ, tí wọ́n wà ní ẹkùn Collines, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé owó ilé iṣẹ́ wọn ibi tí fáìlì ilé iṣẹ́ náà wà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, pàápàá bí olú ilé iṣẹ́ wọn bá wà ní Kútọnu.

Bí ẹ bá rí i pé wọn kò forúkọ yín sílẹ̀ rárá, ẹ má ṣe sọ̀rètí nù. Ojúṣe agbanisíṣẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, ọ̀sẹ̀ 14 yín sì ti inú òfin iṣẹ́ wá, kò dúró lórí CNSS. Ẹ béèrè pé kí ó ṣe é kíákíá, kí ẹ sì pa ẹ̀rí ìbéèrè náà mọ́.

2. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí oyún tó ní ọjọ́ nínú.

Láti ọwọ́ dókítà tàbí agbẹ̀bí ilé ìwòsàn ni kí ó ti wá, kí ó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ń retí ìkúnlẹ̀ sí i pẹ̀lú ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀. Ìwé tó sọ pé “ó lóyún oṣù márùn-ún” láìsí ọjọ́ kankan kò tó, nítorí orí ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìṣirò tó kù dúró lé. Káàdì àyẹ̀wò oyún tí wọ́n ń fún yín ní ilé ìwòsàn kò lè dípò rẹ̀.

Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má ṣe fi ojúlówó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìní ẹ̀dà tiyín.

3. Ẹ ka àwọn ọjọ́ náà fúnra yín.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Bí a bá ń retí ìkúnlẹ̀ yín ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2026, ẹ ka ọ̀sẹ̀ 6 padà sẹ́yìn, ẹ ó dé ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ yẹn ni ìsinmi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ 8 síwájú láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, ẹ ó rí i pé ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, ni ẹ ó padà síbi iṣẹ́.

Ọmọ kì í sábà wo kàlẹ́ńdà kí ó tó dé, òfin sì ti rò ó tẹ́lẹ̀:

- Bí ọmọ bá tètè dé, kí a sọ pé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ẹ kò pàdánù ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ 14 náà yóò pé, ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ni ẹ ó ṣì padà.
- Bí ọmọ bá pẹ́ kí ó tó dé, kí a sọ pé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, ọ̀sẹ̀ 8 ẹ̀yìn ìkúnlẹ̀ ṣì jẹ́ tiyín ní pípé. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ni ẹ ó padà, ìsinmi yín á sì lé ní ọ̀sẹ̀ 14.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé ìyá á máa ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tí yóò bí, pẹ̀lú èrò pé òun yóò kó ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ pa mọ́ fún ẹ̀yìn ìbímọ. Òfin kò ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 yẹn wà fún ìlera yín kí ẹ tó bí, agbanisíṣẹ́ tó bá sì jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ já a lè sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀sẹ̀ 8 péré ló kù fún yín. Bí ẹ bá bá a ní àdéhùn mìíràn, ẹ jẹ́ kí ó wà lórí ìwé tí ó fọwọ́ sí.

4. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì gba décharge.

Òun ni ìgbésẹ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń fò jù, òun náà ló sì ń gba ẹni tó bá ṣe é là. Àṣẹ ẹnu kò tó. “Ọ̀gá ti gbọ́, ó ní kò burú” kò ní ìwúlò kankan lọ́jọ́ tí ọ̀gá yẹn bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹlòmíràn sì gba ipò rẹ̀. WhatsApp dára láti fi ránni létí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó dípò lẹ́tà.

Èdè Faransé ni ọ́fíìsì ń lò, nítorí náà ẹ fi èdè Faransé kọ ọ́, tàbí kí ẹ wá ẹni tí yóò bá yín kọ ọ́. Kí àkòrí rẹ̀ jẹ́ *Demande de congé de maternité*. Ẹ kọ orúkọ yín, ipò yín níbi iṣẹ́ àti nọ́ńbà CNSS yín sí i. Ẹ kọ ọjọ́ tí a ń retí ìkúnlẹ̀, ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ó padà. Ẹ tọ́ka sí Abala 170, kí ẹ sì sọ pé ìwé dókítà wà pẹ̀lú lẹ́tà náà. Kò nílò ju ojú ìwé kan lọ, kò sì yẹ kí ẹ máa bẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹni tó gbà á sì kọ ọjọ́ sí ara ìkejì, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì lu òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ náà. Ìwé kejì yìí ni décharge yín, ilé sì ni kí ó máa gbé. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ní lettre recommandée, kí ẹ sì pa rìsíìtì rẹ̀ mọ́.

Kò sí ìdí láti dúró títí ọ̀sẹ̀ 6 fi ku ọ̀la. Bí ẹ bá fi lẹ́tà náà sílẹ̀ ní bí oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá á rí àyè wá ẹni tí yóò di ipò yín mú, inú rẹ̀ á sì rọ̀.

5. Ẹ bá akọ̀wé owó sọ ọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó lọ.

Àpò méjì ni owó yín ti ń wá, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ máa béèrè ni pé: ṣé ilé iṣẹ́ ni yóò máa san owó oṣù mi ní odindi, tí yóò sì gba ìpín CNSS padà fúnra rẹ̀, àbí èmi ni n ó lọ gba ìpín yẹn? Ẹ gba ìdáhùn náà ní kíkọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ó lọ gbà á, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù CNSS lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín, nítorí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí owó oṣù yín àti sí ọjọ́ tí ẹ dá iṣẹ́ dúró.

Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń retí. Bí ẹ bá ń gba 90.000 fáráńkì lóṣù, tí a sì pín in sí ọjọ́ 30, ó jẹ́ 3.000 fáráńkì lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ 14 jẹ́ ọjọ́ 98. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 294.000 fáráńkì, nínú èyí tí 147.000 jẹ́ ti CNSS, tí 147.000 sì jẹ́ ti agbanisíṣẹ́. Iye tó máa bọ́ sí yín lọ́wọ́ lè fi díẹ̀ yàtọ̀ nítorí àwọn ohun tí wọ́n ń yọ, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdajì péré ni ẹ rí, àpò kan ti gbàgbé yín nìyẹn.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tí owó wọn kéré: láti oṣù Kíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin, SMIG, jẹ́ 52.000 fáráńkì. Bí ìwé owó oṣù yín bá kéré sí i fún iṣẹ́ ọjọ́ pípé, ìsinmi ìbímọ nìkan kọ́ ni ẹ̀tọ́ yín tó wà nínú ewu. Bákan náà, bí ọ̀gá bá ń kọ iye kan sórí ìwé tí ó sì ń fi ìyókù lé yín lọ́wọ́, iye orí ìwé ni CNSS yóò fi ṣe ìṣirò.

6. Ẹ fi iṣẹ́ lélẹ̀.

Ojú ìwé kan tó sọ ibi tí nǹkan dé àti ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ ti tó. Òfin kò béèrè rẹ̀, àmọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n máa pè yín láti ibi iṣẹ́ nígbà tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn yín.

7. Lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé ìbí pẹ́.

Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìbímọ ní ilé ìwòsàn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí bàbá ọmọ tàbí ará ilé kan sì tètè lọ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú. A mọ̀ pé ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ilé ń sọ ọmọ lórúkọ, àwọn kan a sì dúró de bàbá àgbà tí yóò ti oko tàbí ti Èkó dé. Ẹ fi èyí tí ẹ bá ti fẹnu kò sí kọ ìwé náà. Ìwé ìbí ló ń jẹ́rìí sí ọjọ́ tí ọmọ dé, ọjọ́ yẹn ló sì ń sọ ibi tí ọ̀sẹ̀ 8 yín parí sí. Òun náà ni CNSS ń béèrè kí ó tó kọ ọmọ náà mọ́ àwọn tí wọ́n ń san owó ìrànlọ́wọ́ ọmọ lé lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní allocations familiales.

Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ síbi iṣẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà kúkúrú tó sọ ọjọ́ tí ẹ ó padà bí ó bá ti yí padà. Décharge náà tún ni o.

8. Bí ara kò bá tíì yá.

Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kí ọ̀sẹ̀ 14 tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìwé rẹ̀ sọ gbangba pé oyún tàbí ìbímọ ló fa àìsàn náà, nítorí ìdí yẹn nìkan ló ń ṣí ilẹ̀kùn àfikún ọ̀sẹ̀ 4. Ìwé tó kàn sọ pé “ó rẹ̀ ẹ́” yóò mú kí wọ́n kà á sí àìsàn lásán, tí òfin rẹ̀ yàtọ̀.

9. Ìpadà síṣẹ́ àti wákàtí ọmú.

Ipò yín ń dúró dè yín. Ní ọjọ́ tí ẹ bá padà, ẹ fi lẹ́tà kan sílẹ̀ tó sọ bí ẹ ṣe fẹ́ máa lo wákàtí ọmú yín: bóyá ẹ ó máa fi wákàtí kan pẹ́ dé láàárọ̀, tàbí ẹ ó tètè kúrò nírọ̀lẹ́, tàbí ẹ ó pín in sí ìdajì méjì. Fún ẹni tí ilé rẹ̀ jìn sí ibi iṣẹ́, kò sí àǹfààní nínú ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárín ọ̀sán; kí ó tètè lọ sílé ló sàn jù. Wákàtí yìí tiyín ni, kódà bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà ló ń tọ́jú ọmọ nílé.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àwọn ọ̀gá kan máa ń yọ ọ̀sẹ̀ 14 kúrò nínú ìsinmi ọdọọdún. Kò tọ́. Ìsinmi ọdọọdún yín, ọjọ́ iṣẹ́ 2 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 24 lọ́dún, dá dúró ní tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ so méjèèjì pọ̀ kí ẹ lè pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ ọmọ, ẹ béèrè rẹ̀ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn.

Àwọn mìíràn máa ń fi ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ síwájú aboyún pé kí ó fọwọ́ sí i, “a ó tún gbà ọ́ tí o bá bímọ tán.” Ẹ má ṣe fọwọ́ sí i láéláé. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò ní ìsinmi, kò ní owó, ààbò òfin tí a sọ lókè kò sì bò ó mọ́.

Ẹni tí ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìparí (CDD), títí kan ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ aládàáni tí ìwé tiwọn ń parí pẹ̀lú ọdún ilé ẹ̀kọ́, gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ náà kí ó tó ka ọ̀sẹ̀ kankan. Bí ó bá bọ́ sí àárín ìsinmi, ẹ béèrè fún ìwé àdéhùn tuntun kí ẹ tó lọ.

Ní ti bàbá ọmọ, òfin ọ̀sẹ̀ 14 kò kàn án. Ọjọ́ díẹ̀ tí ó lè gbà nítorí ìbímọ wà nínú àdéhùn àpapọ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀, convention collective. Kí ó béèrè ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ aṣojú òṣìṣẹ́.

Ẹni tó sọ ọmọ ọlọ́mọ di tirẹ̀

Ní ilẹ̀ wa, ilé tí kò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò tí wọ́n ń tọ́ kò pọ̀. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n níwájú òfin, ọmọ tí a gbà tọ́ lásán kò yí ohunkóhun padà níbi iṣẹ́ yín. Ìsọdọmọ tí òfin mọ̀ ni èyí tí ilé ẹjọ́ dá ní ìdájọ́. Ìwé tí àwọn mọ̀lẹ́bí méjèèjì fọwọ́ sí lójú baálé kò lè dípò rẹ̀.

Kódà pẹ̀lú ìdájọ́ lọ́wọ́, ẹ má ṣe lọ fi Abala 170 béèrè ọ̀sẹ̀ 14. Orí oyún tí dókítà jẹ́rìí sí àti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni abala náà dúró lé, ẹ kò sì ní èyíkéyìí nínú méjèèjì láti fi hàn. Lójú tiwa, ó yẹ kí òfin ro ti ìyá tó gba ọmọ oṣù mẹ́ta sílé, tí òun náà kò sùn lóru. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nílẹ̀ ni kí a fi ṣètò. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà nìyí:

1. Ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín, òfin inú ilé iṣẹ́ yín àti convention collective tó mú yín. Agbanisíṣẹ́ lómìnira láti fúnni ju ohun tí òfin béèrè lọ.
2. Ẹ to ìsinmi ọdọọdún yín mọ́ ìgbà tí ọmọ yóò wọlé. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ná ọjọ́ 24 rẹ̀ sórí ayẹyẹ mọ̀lẹ́bí.
3. Bí kò bá tó, ẹ béèrè ìsinmi tí kò ní owó nínú. Ẹ jẹ́ kí ìwé náà sọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, àti pé ipò yín ń dúró dè yín. Láìsí ìwé yìí, wọ́n lè sọ pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀.
4. Ẹ mú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ àti ìwé ìbí ọmọ lọ sí CNSS, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn ọmọ tí ẹ ń gbọ́ bùkátà wọn. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìsinmi, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ìjákulẹ̀ lórí èkíní mú kí ẹ gbàgbé rẹ̀.

Nínú lẹ́tà yín sí ọ̀gá, ẹ sọ ọjọ́ tí ọmọ yóò wọlé àti ọjọ́ orí rẹ̀. Kò sí ìdí láti sọ ìtàn bí ọmọ náà ṣe dé ọwọ́ yín; ti ọmọ ni ìtàn yẹn.

Ẹ wo èyí kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́

- Ìwé dókítà tó ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ nínú, pẹ̀lú ẹ̀dà mẹ́ta
- Lẹ́tà ìsinmi tó ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ lára
- Ìwé owó oṣù mẹ́fà tó gbẹ̀yìn
- Nọ́ńbà CNSS àti ẹ̀rí pé ìsanwó ti dé
- Ìdáhùn ní kíkọ lórí ẹni tí yóò san ìpín CNSS
- Ẹ̀dà ìwé àdéhùn iṣẹ́, tí ẹ ti wo ọjọ́ ìparí rẹ̀

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìwé kan tí yóò máa gbé ilé, kì í ṣe inú àpótí tábìlì ọ́fíìsì.

Bí agbanisíṣẹ́ bá kọ̀

Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà kejì, tó tọ́ka sí àkọ́kọ́ àti sí Abala 170 àti 171, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ tí ẹ ń retí ìdáhùn. Nígbà púpọ̀, ohun tí ọ̀gá kò mọ̀ ni ó ń kọ̀, lẹ́tà yìí á sì yanjú rẹ̀.

Bí kò bá dáhùn, ẹ lọ sọ́dọ̀ inspecteur du travail, olùbẹ̀wò iṣẹ́ tí ìjọba yàn, tó ń rí sí ẹkùn ibi iṣẹ́ yín. Ouémé ni ti àwọn ará Àjàṣẹ́. Plateau, tí Pobẹ̀ jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ni ti Kétu. Collines, tí Dassa jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ni ti Ṣábẹ. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ mú àpò ìwé yẹn lọ, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń béèrè ní pàtó: ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n fi dù yín, èló ni wọn kò san. Ẹni tó bá lọ sọ pé “wọ́n ń fìyà jẹ mí” láìsí iye àti ọjọ́ á pẹ́ níbẹ̀.

Olùbẹ̀wò náà yóò pe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti gbìyànjú àtiparí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá fẹnu kò, ẹ ka ìwé ìfẹnukò, procès-verbal, dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí iye owó àti ọjọ́ tí wọn yóò san án wà nínú rẹ̀ ní nọ́ńbà. Bí kò bá sí ìfẹnukò, ẹ gba procès-verbal tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ilé ẹjọ́ kì í gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ tí kò bá tíì kọ́kọ́ kọjá lọ́dọ̀ olùbẹ̀wò. Ìwé yẹn ni ẹ ó mú lọ.